Ìlà ọkàn Dádì yí padà nínú MRI, ta ló mọ̀ nípa rẹ̀?

Ìyá Kẹ́hìndé, Birmingham: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àná ni wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ òòfà ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, ya ọkàn Dádì wa. Torí èmi ni mò ń túmọ̀ èdè fún wọn, wọ́n ní kí n jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Níta, ìlà ECG wọn, ìyẹn ìlà iná ọkàn tí sítíkà àyà ń gbà, ń lọ geere. Bí wọ́n ṣe tì wọ́n wọnú ihò ẹ̀rọ báyìí, ìgbì kejì wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ! Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún sítíkà àyà wọn lẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé. Mi ò rí oorun sùn.

Bùọ̀dá Onímáàgínẹ́ẹ̀tì, Leeds: Ẹ kú àìsùn, mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Ọkàn Dádì kọ́ ló yí padà. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń gbé iná. Ohun tó bá ń gbé iná, tó sì ń ṣàn kọjá níwájú òòfà, iná á ṣẹ̀ lára rẹ̀. Sítíkà ò mọ èwo ni ti ọkàn, èwo ni ti ẹ̀jẹ̀; ó kó méjèèjì pọ̀ sójú ìlà kan. Ìgbà tí ọkàn bá tú ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan ńlá tó tẹ̀ kọdọrọ lókè àyà ni ẹ̀jẹ̀ ń sáré jù, àsìkò ìgbì T, ìgbì kejì yẹn, nìyẹn sì bọ́ sí. Òun lẹ rí tó wú.

Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, dán irú rẹ̀ wò lórí omi odò Thames tó ń ṣàn ní Waterloo Bridge, London, ní 1832. Kò rí nǹkan gidi kà, torí òòfà ilẹ̀ ayé ò lágbára. Ẹ̀rọ 1.5 Tesla (Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà) ju ìyẹn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30,000. Ní 3 Tesla, T tún ń wú sí i.

Ìyá Kẹ́hìndé: Kí ló wá kàn wọ́n tí wọ́n fi ń tún sítíkà lẹ̀?

Bùọ̀dá Onímáàgínẹ́ẹ̀tì: Ọkàn kì í dúró sójú kan, mà. Ìgbì R, ìyẹn ìgbì àkọ́kọ́ tó ga, ni ẹ̀rọ ń ṣọ́ kó tó ya àwòrán. Bí T bá ga tó R, ẹ̀rọ á ṣèèṣì pè é ní R, àwòrán á ṣe bàìbàì. Yíyí ipò sítíkà padà máa ń dín wíwú T kù. ECG inú ihò yẹn, ti àsìkò nìkan ni. Dókítà ò ní fi i sọ pé T Dádì ní àrùn. Èyí tí wọ́n ṣe níta ni wọ́n ń kà.

Àbúrò Houston: Ìka ni wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ẹ̀jẹ̀ há fún èmi nígbà tí ti àyà kọ̀.

Bùọ̀dá Onímáàgínẹ́ẹ̀tì: Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ò ní wàhálà òòfà, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ìka. Ẹ̀yin tí MRI yín ń bọ̀ lọ́nà: ẹ jẹ́ kí wọ́n fá irun àyà. Ẹ kọ́ àwọn àgbà ní mímí sínú, mímí síta àti dídá èémí dúró láti ilé. Bí wáyà bá gbóná lára, ẹ tẹ bọ́ọ̀lù ìpè tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́ kíá. Ẹ má sì fi ìpara sáyà rárá, sítíkà ò ní lẹ̀.

Ìyá Kẹ́hìndé: Yéè! Òrí ni Dádì fi para láàárọ̀ àná, látọrùn dé ìdodo.