Wolé-wolé ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, junction box wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù

Ìyá Tóbi, Maryland: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Kíṣìnì tí mò ń tún ṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, káfíńtà ti kan kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti lẹ táìsì. Láàárọ̀ yìí ni mo ń wo fọ́tò tí mo yà kí wọ́n tó bo ògiri. Àṣé junction box kan, àpótí tí wọ́n ti ń so wáyà iná pọ̀, wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lápá ọ̀tún síǹkì, drywall, pátákó tí wọ́n fi ń ṣe ògiri, ni wọ́n fi bò ó pátápátá. Òmíràn wà lẹ́yìn ibi tí dishwasher máa wọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wolé-wolé ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Ṣé kí n ní kí wọ́n tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ ni? Owó ti tán lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, Houston: Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Òfin ò sọ pé àpótí ò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó sọ ni pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè tó wáyà inú ẹ̀ láìtú apá kankan lára ilé. NEC 314.29 nìyẹn, nínú òfin wáyà iná Amẹ́ríkà. Drywall yẹn ló dáràn. Ẹ ní kí káfíńtà gé ihò sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí àpótí wà, kí wọ́n gé drywall náà, kí ẹ fi extension ring, férémù tí wọ́n ń fi kún ẹnu àpótí, fa ẹnu ẹ̀ bọ́ síta, kí ẹ wá fi ìdérí tí kò níhò dé e. Pákó ni ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, torí náà ẹnu àpótí ò gbọdọ̀ rì sínú, àfi kó bá ojú pákó dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ rí i á kàn kó ìkòkò kúrò níbẹ̀ ni. Táìsì yín ò ní fara pa.

Alhaja Peckham, London: Kí lẹ ń gé ihò sí? Níbí, àpótí tí wọ́n kọ MF sí lára là ń lò, maintenance-free, èyí tí kò nílò àbójútó, BS 5733. Tì í bọ ògiri, bò ó, ó parí. BS 7671, òfin wáyà iná tiwa, gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, Houston: Alhaja, òfin London ò dé Maryland. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà.

Bàbá Kẹ́hìndé, Chicago: Ìyá Tóbi, ẹ gbọ́ ti Ẹ̀gbọ́n o. Ẹni tó ta ilé fún mi ti bo irú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Fíríìjì kàn ń kú, ó ń jí. Bíréékà ò já, mo ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ni, mo pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ní fíríìjì ni, mo ra tuntun! Ọjọ́ tí a gbóòórùn ohun tó ń jóná ni mo tó pe onínáá. Lẹ́yìn táìsì ló ti bá a: oríkèé wáyà ti dẹ̀, ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ara ẹ̀ ti dúdú bí èédú. Owó tí mo san kí wọ́n tó rí i ju owó tí wọ́n fi tún un ṣe lọ.

Ọmọ Àtìbà, Atlanta: Ẹ dúró ná. Apá ilé ni òfin wí, kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe ilé. Sìkúrú mẹ́rin ló dè é mọ́ ògiri, ẹrù ni, bí àga ni. Tèmi wà lẹ́yìn ẹ̀ láìsí ihò kankan, wolé-wolé sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, Houston: Ó fọwọ́ sí i torí pé kò rí i.

Ìyá Ìbejì, Toronto: Ọmọ Àtìbà, ta ló máa gbé gíránáìtì kúrò lórí àga yín? Kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ nìyẹn o, síǹkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, páìpù omi ti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ tú u, kí ẹ wá sọ fún wa pé ẹrù ni.

Ọmọ Àtìbà, Atlanta: Fíríìjì ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní ní kí n gé ihò sí fíríìjì náà?

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, Houston: Fíríìjì ní táyà lẹ́sẹ̀, fà á síta. Ẹ̀yin Ọ̀yọ́ ṣá! Ajíṣebí Ọ̀yọ́ là ń rí, Ọ̀yọ́ ò ní ṣe bí ẹnì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ òfin.

Ọmọ Àtìbà, Atlanta: Ẹ̀yin Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń jẹ ọkà kí ẹ tó mu ẹ̀kọ yangan, oorun ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ihò onígun mẹ́rin lára pákó lásán, ẹ ń pariwo. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń fín igbá o. Ìyá Tóbi, ọmọ Arówómọlé kì í sọ pé owó tán.

Bàbá Kẹ́hìndé, Chicago: Ẹ̀yin ní Aláàfin, àwa ní LAUTECH. Ta ló máa tún wáyà ààfin ṣe bó bá bàjẹ́?

Ìyá Tóbi, Maryland: Ẹ̀rín pa mí o. Ẹ ṣeun, káfíńtà ti ní òun á wá gé e.  Ẹnì kan tún ní kí n yọ àpótí dànù, pé wọ́n ń ta ohun kan tó ń so wáyà pọ̀ nínú ògiri láìlo àpótí.

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, Houston: Ohun yẹn wà, NEC 334.40(B). Àtúnṣe inú ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà á fún, àwọn wolé-wolé kan kì í sì í fẹ́ rí i sójú. Ẹ kọ́kọ́ bi tiyín. Bí ẹ bá sì ṣí àpótí yẹn, ẹ ka wáyà inú ẹ̀. Wáyà 12 gauge kọ̀ọ̀kan ń gba àyè 2.25 cubic inch nínú àpótí. Ẹ má fún un pọ̀ bí èrò inú dánfó.

Alhaja Peckham, London: Ẹ rántí wáyà-màn ilé? Á lọ́ wáyà méjì pọ̀, á wé tépù dúdú, á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Kíṣìnì ìyá mi ní Masífà, èéfín ti sọ gílóòbù di dúdú, síbẹ̀ ilé ò jóná.

Bàbá Kẹ́hìndé, Chicago: NEPA ni kò jẹ́ kó jóná. Kí oríkèé tó gbóná, wọ́n ti mú iná lọ.

Ìyá Ìbejì, Toronto: 😂😂 Alhaja, ẹ ti mú mi rántí ọbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Àmàlà tí mo rò lánàá ń fà bí gọ́ọ̀mù, ẹni tó ta èlùbọ́ yẹn fún mi ò ní rójú rere gbà.

Ọmọ Àtìbà, Atlanta: Àfi kí ẹ rán ẹnì kan sí Àkẹ̀sán. Èlùbọ́ Ọ̀yọ́ kì í já ni kulẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Toronto: Ó dáa, ta ló ń lọ sílé ní December tí àpò ẹ̀ ṣì láàyè? Mo máa sanwó ẹrù.