Ejò tó jọ ekòló nínú balùwẹ̀: ṣé ó lóró?

Ìyá Ọmọ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń rí ejò kékeré kan nínú balùwẹ̀ wa. Ó dúdú, ó ń dán, kò nípọn ju okùn bàtà lọ. N kò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, àmọ́ ẹ̀gún ṣónṣó kan wà ní ìdí rẹ̀. Ọmọ mi ọdún 3 ti nawọ́ sí i kí n tó gbá a mú. Ọkọ mi ní ká da kẹrosíìnì sínú ihò omi. Ṣé ẹ̀gún yẹn ń ta ni? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Bàbá Olódòdó: Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ejò afọ́jú nìyẹn. Kò lóró, ẹnu rẹ̀ kéré débi pé kò lè bu èèyàn jẹ. Ẹ̀gún ìdí rẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀ kó lè rìn síwájú. Bí o bá mú un, ó lè fi gún ọ lọ́wọ́ díẹ̀, kò lè wọlé sára. Wo orí rẹ̀ dáadáa, wàá rí àmì dúdú méjì bíńtín lábẹ́ ìpẹ́. Ojú rẹ̀ nìyẹn, kò ju kó fi mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn lọ. Ẹyin èèrà àti ti ikán ló ń jẹ. Irú rẹ̀ tó tàn káyé jù, abo ni gbogbo wọn, wọn kì í wá akọ kí wọ́n tó yé ẹyin. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá fara pamọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò òdòdó ti tó láti dá ìran sílẹ̀ níbòmíì.

Ìyá Àgbà: Ejò ni ejò ń jẹ́ o. Wọ́n iyọ̀ síbẹ̀ jàre!

Olùkọ́: Ẹ jọ̀ọ́ mà, iyọ̀ kì í lé ejò, omi ni kẹrosíìnì sì máa bà jẹ́. Àmọ́ òótọ́ wà nínú ìbẹ̀rù yín: kíkéré kọ́ ni àìlóró. Ọmọ paramọ́lẹ̀ àti ọmọ sèbé ti lóró láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Àwọn kan tún ní ejò tí dúdú àárín ẹyinjú rẹ̀ bá rí roboto kò léwu. Roboto ni ti sèbé! Èyí tí ẹ ò bá dá mọ̀, ẹ gbé ọmọ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n mú. Níbi tí èèyàn ti ń gbìyànjú láti pa á ni ọ̀pọ̀ ti ń fara gbọgbẹ́.

Ìyá Ọmọ: Ẹ ṣé gan-an, bàbá, olùkọ́. Báwo ni kí n ṣe gbé e jáde?

Bàbá Olódòdó: Fi páálí gbá a sínú ike, kí o tú u sórí ilẹ̀ rírọ̀ lábẹ́ ewé. Fi àwọ̀n oníhò wẹ́wẹ́ bo ojú ihò omi. Lẹ́yìn náà, yẹ ìdí ògiri àti férémù ilẹ̀kùn wò bóyá ikán wà níbẹ̀, torí òun ló ń ba ilé jẹ́.