Lórí “ẹ̀kọ́ ààbò kẹ̀kẹ́ ọ̀fẹ́”: kí ni à ń dáàbò bò, ta sì ni ó ń sanwó?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín láti Ìkòròdú.

Mo ti ka ìwé tí àbúrò wa tí ó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ fi ránṣẹ́. Ó ń túmọ̀ ìwé pélébé kan nípa Bikeability, ètò tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín ọkọ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mélòó kan fẹ́ kà á ní Yorùbá. Ó pe ètò náà ní “ẹ̀kọ́ ààbò kẹ̀kẹ́ ọ̀fẹ́”, ó sì ní kí a sọ ohun tí a rí sí i. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe, mo sì kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, “ẹ̀kọ́” nìkan ni mo lè fọwọ́ sí láìjanpata.

Ẹ wo “ààbò kẹ̀kẹ́” ná. Bí ẹ bá kọ ọ́ sára pátákó ní Sábó níbí, ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé àgádágodo ni ẹ ń tà. Ohun tí ó bá tẹ̀lé ààbò nínú èdè wa ni a sábà máa ń dáàbò bò: ààbò ilé, ààbò ẹ̀mí, ààbò ìlú. Nítorí náà kẹ̀kẹ́ ni ààbò kẹ̀kẹ́ ń ṣọ́, kì í ṣe ọmọ tí ó jókòó lé e lórí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, “Ààbò ojú pópó ńkọ́?” Ibi ni ojú pópó, kò sì sí olè tí yóò gbé e lọ ní òru, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ó ṣì í gbọ́. Kẹ̀kẹ́ yàtọ̀, wọ́n ń jí i.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wá ni ìṣòro kejì. Ọ̀rọ̀ yìí ti ru ẹrù púpọ̀ láyé. Inú kẹ̀kẹ́ ni ìwẹ̀fà ará Etiópíà inú Bíbélì wa jókòó sí nígbà tí Fílípì bá a. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn aránṣọ ń tẹ̀. Lónìí, ní Ìkòròdú, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó gba orúkọ náà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, “kẹ̀kẹ́ Márúwà” ni à ń pè é ní kíkún, láti ara orúkọ Buba Marwa tí ó ṣàkóso ìpínlẹ̀ Èkó láyé ológun láàárín 1996 sí 1999, ṣùgbọ́n Márúwà ti já bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ku kẹ̀kẹ́ lásán. Ní ọjọ́ tí mo ka ìwé àbúrò wa, mo dúró lẹ́bàá títì ní Sábó, mo ké “Kẹ̀kẹ́!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta méjì ni ó ya bá mi, àwọn awakọ̀ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà lórí èmi tí n kò lọ ibì kankan.

Ìyá wa tí ó ń kọ̀wé láti Àgbádárìgì ti dá a lábàá pé kí a padà sí “kẹ̀kẹ́ ológeere”, orúkọ àtijọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, òun ni bàbá mi ń lò. Mo dán an wò níwájú àwọn ọmọ tí ó ń háyà kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bàbá kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ọ̀nà Ìgbógbó, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò bá mọ̀ pé òun ni à ń bá wí, ìwé náà kò dé ibi tí à ń rán an.

Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ ìṣe ni yóò yọ wá. Ẹni tí ó ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń wà á, èrò ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ méjì aláìlẹ́ńjìnnì ni à ń gùn. Bí mo bá ní mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbógbó, kò sí ẹni tí yóò wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ní mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbógbó, ní ọjọ́ orí mi yìí, wọn yóò kọ́kọ́ kí mi kú ewu ná. Ìyàtọ̀ náà wà lẹ́nu gbogbo ará ìlú láìsí ẹni tí ó kọ́ wọn. Bí “gùn” bá ti wà nínú orúkọ ètò yìí, a kò nílò ológeere mọ́. (Ẹni tí ó mú “ẹ̀kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn” wá lánàá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà sókè: kẹ̀kẹ́ tí ó gùn bí ọ̀pá ni mo rí.)

Ohun tí mo mú wá ni “ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́gùn-mọ̀ọ́wò”. Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, tí a fi ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé mọ̀ ọ́n kọ àti mọ̀ ọ́n kà ni, ó hàn kedere. Mọ̀ ọ́n gùn, mọ̀ ọ́n wò: ọ̀nà kan náà ni mo tọ̀. Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé etí lè gbọ́ ọ bí “mọ oògùn”, kí àwọn òbí má baà sọ pé wọ́n ń kọ́ ọmọ àwọn ní ìṣègùn. Fáwẹ́lì àti ohùn ya wọ́n sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀, mọ̀ọ́wò tí ó sì tẹ̀lé e kò ní jẹ́ kí ẹni tí ń kánjú náà ṣì í gbọ́.

Kí ló dé tí mo fi mú “wò” mọ́ ọn? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀. Ní 1947 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn ọmọdé wò lórí kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1958, ó di ètò gbogbo orílẹ̀-èdè. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 2007 ni Bikeability yìí, orúkọ tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ àti ìmọ̀ọ́ṣe lẹ̀ pọ̀. Ìpele mẹ́ta ni ó ní. Nínú ọgbà iléèwé ni wọ́n ti ń ṣe èkínní, níbi tí ọkọ̀ kankan kò sí: ọmọ yóò gùn ún, yóò dá a dúró, yóò ṣí ọwọ́ kan kúrò lára rẹ̀ láìṣubú. Ojú títì kékeré tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí ni ìpele kejì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá kí wọ́n tó kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; títì ńlá àti ráńdábàótù ni ìkẹta. Ẹ ó rí i pé ìpele kìíní nìkan ni ó jẹ́ ti gígùn gan-an. Ohun mẹ́rin ni wọ́n tẹnu mọ́ jù ní ojú títì: kí ọmọ máa wò, kí ó máa fi ohun tí ó fẹ́ ṣe han àwọn ẹlòmíràn, kí ó wà níbi tí ó yẹ lójú ọ̀nà, kí ó sì mọ ẹni tí ó ni ọ̀nà. Wíwò ni ó ṣíwájú.

Mo rí ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe yẹn. Ọmọkùnrin kan gba kẹ̀kẹ́ tí ó ga jù ú lọ, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin férémù láti tẹ pẹ́dà kejì, bí àwa náà ṣe ṣe é láyé wa, ó sì ń lọ geere. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn. Bí ó ti bojú wẹ̀yìn báyìí ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀lé ojú rẹ̀, díẹ̀ ni ó kù kí ó já sí gọ́tà. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n gùn dájúdájú. Mọ̀ọ́wò ni kò ní. Nítorí náà, níbi tí àbúrò wa ti kọ “yíyẹ èjìká wò”, èyí tí ó dà bí ẹni pé eegun ń dun ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí a kọ “ìbojúwẹ̀yìn”.

Ó tún kọ “ipò kìíní” fún ibi tí wọ́n ń ní kí ọmọ wà nígbà tí ọ̀nà bá fún. Ipò kìíní ni ọmọ tí ó borí kíláàsì ń gbà! Àárín ni wọ́n ní lọ́kàn, kí ọkọ̀ má lè fún ọmọ mọ́ ẹ̀gbẹ́; ṣùgbọ́n ẹ má kọ “àárín ọ̀nà” lásán, nítorí pé orí ìlà funfun gan-an ni ọmọ Ìkòròdú yóò lọ gùn ún. “Àárín léènì tìrẹ” ni mo rò pé ó dára jù. Léènì ni àwọn awakọ̀ ń pè é, kò sì sí ohun tí a ó jèrè nínú wíwá òmíràn lónìí.

Ohun kan ṣì léwu jù àṣìṣe ọ̀rọ̀ lọ. Ìwé pélébé náà ní yíyà sí ọ̀tún ni ó le jù. Òótọ́ ni, níbẹ̀, nítorí pé apá òsì ni wọ́n ń rìn. Àwa ti bọ́ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, yíyà sí òsì ni ó le níbí. Atúmọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti yí ọ̀rọ̀ onílé padà ní bòókẹ́lẹ́, kò sì yẹ kí ó fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu. Mo dábàá pé kí a kọ “yíyà tí ó ré ọ̀nà àwọn tí ń bọ̀ kọjá”. Ó gùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ní ìlú méjèèjì.

Ó ku “ọ̀fẹ́”. Láti 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti lágbára lẹ́nu wa, àwọn òbí wa tí wọ́n ń san owó orí nígbà náà sì mọ ẹni tí ó ń sanwó. Ètò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ìrìnnà ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti iléèwé. Ní ibi kan ọmọ kì í san kọ́bọ̀, ní ibòmíràn òbí ń fi díẹ̀ kún un. “Ọ̀fẹ́” kò jẹ́ òótọ́ níbi gbogbo, ó sì bo ẹni tí ó náwó mọ́lẹ̀. “Tí ìlú ń náwó sí” ni mo fẹ́. N kò fẹ́ “owó ìjọba”, nítorí pé lẹ́nu wa, owó ìjọba kò ní olówó. Owó ìlú ni ènìyàn ń bèèrè ìṣirò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí wa, nítorí pé ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ ti gbé ìlànà jáde ní 2018 fún àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ wa lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí orúkọ ti wà nílẹ̀.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe náà: “ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́gùn-mọ̀ọ́wò tí ìlú ń náwó sí”. Ó nu ọwọ́ girísì rẹ̀, ó ní ó dáa, ta wá ni yóò máa kọ́ wọn, ṣé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gùn ni àbí tíṣà? Ìwé àbúrò wa kọ “olùkọ́”, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tẹ̀lé àwọn ọmọ lójú títì ni wọ́n ń sọ. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ kan tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Ẹ bá mi wá a.