Kí ló dé tí orin Orlando Owoh fi ń dà bíi pé èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀?

Ọmọ Káfíńtà (Àkúrẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Káfíńtà ni bàbá mi. Òkè-Àrò níbí ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, àga, bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn. Tí a bá ti dé láti ilé ìwé, ibẹ̀ là ń gbà lọ, àwa la máa ń gbá eérún pákó jọ. Ẹ̀gbẹ́ agolo ìṣó ni rédíò kásẹ́ẹ̀tì wọn máa ń wà, eruku igi bò ó débi pé a kì í rí nọ́ńbà ojú rẹ̀ mọ́. Olórin méjì ni wọ́n ń gbọ́. Sunny Adé ni láàárọ̀, nígbà tí àwọn oníbàárà ń wọlé. Orlando Owoh ni nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ, tó ku àwọn nìkan níwájú pákó.

Bàbá mi kú ní 2016. Ní Sátidé yìí, mo wà nínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀, ni dírẹ́bà bá tan orin Orlando. Orin náà lọ díẹ̀, ó dé ibì kan, omi sì bọ́ lójú mi. Ìyá tó jókòó tì mí bi mí pé kí ló dé, mi ò rí nǹkan kan sọ. Àfi bíi pé ẹni tó mọ̀ mí láti kékeré ló pe orúkọ oríkì mi láàárín èrò. Mi ò sì fojú kan Orlando rí. Nígbà tó kú ní 2008, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní bàbá wa ni mo ń sunkún, pé ọ̀rọ̀ olórin kọ́. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Tó bá jẹ́ bàbá wa nìkan ni, ṣebí inú ṣọ́ọ̀bù kan náà la ti ń gbọ́ Sunny. Mo fẹ́ràn Sunny dọ́kàn. Ọmọ ọba Oǹdó ni, ìdílé Adésìdá ní Àkúrẹ́ níbí sì ni ìyá rẹ̀ ti wá, kí la tún fẹ́? Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ Sunny, ṣe ló ń ṣe mí bíi kí n wẹ̀, kí n wọṣọ, kí n jáde. Tí mo bá gbọ́ Orlando, ó ń ṣe mí bíi kí n ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ orin, kí ló fa ìyẹn?

Onígítà Àtijọ́

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò purọ́, àmọ́ ìwọ náà jàre.

Mo ta gítà lẹ́yìn àwọn onijùjú nígbà kan, ohun tí etí mi mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ Sunny. Gítà ń dá gítà lóhùn, gángan ń fọhùn, Dèmọ́lá Adépọ̀jù tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú gítà onípẹ́dà tó ń fa ohùn bí ẹni ń fa okùn. Ohùn Sunny wá mọ́, ó tutù, ó jókòó sáàárín wọn bí ọba láàárín ìjòyè. Òde ló ń gbé ọ lọ. Aṣọ tí ọkàn rẹ ń wá wọ̀ kò ṣẹ̀yìn ìyẹn.

Orlando ń ta gítà, òun náà ló tún ń kọrin. Ohùn rẹ̀ ha, kò sì fi nǹkan kan bò ó. Ohùn tó bá ha báyẹn, ìwọ lo máa sún mọ́ ọn. Tó bá sọ gbólóhùn kan tán, á dákẹ́, gítà á wá tún ọ̀rọ̀ náà sọ, pẹ̀lú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹnu fi sọ ọ́, nítorí Yorùbá ni. Kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu gítà, síbẹ̀ o mọ ohun tó wí. Ta ló wá sọ ọ́? Ìwọ ni, nínú ara rẹ. Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti ń mú èèyàn.

Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ bóyá o ti gbọ́. Káfíńtà ni Orlando náà. Títí di 1958 ló fi ṣe é, kí ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá tó gbà á kó máa lùlù, kó máa kọrin. Ní 1960 ló dá Omimah Band tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ má bínú, bàbá, mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀. Èmi ò mọ gítà, ẹ̀lùbọ́ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba. Ọdún tí mo sin ọkọ mi, gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń ní kí n mọ́kàn le, kí n gbàgbé. Orlando kò ní kí n gbàgbé. Tí wọ́n bá gbé e sí i nírọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi, ó dà bí ẹni tó jókòó tì mí tó ní, "Ó dùn mí náà." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú mi, kì í ṣe irinṣẹ́.

Ọmọ Ifọ̀n

Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ifọ̀n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, ẹ jẹ́ kí n fi yangàn. Nílé wa, ìyá mi àgbà kì í pè é ní Orlando. "Ọmọ wa" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni tó máa wọlé jẹun lálẹ́.

Ọmọ Káfíńtà (Àkúrẹ́)

Bàbá, mi ò mọ̀ pé káfíńtà ni! Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Bóyá bàbá mi mọ̀, mi ò lè bi wọ́n mọ́.

Mo tú àpótí wọn lánàá, kásẹ́ẹ̀tì Orlando mẹ́rin ló ṣẹ́kù. Rédíò jẹ ọ̀kan nínú wọn nígbà tí mo wà ní praimárì. Bàbá mi fi abẹ gé ibi tó ti rún kúrò, wọ́n fi sẹ́lótéèpù so ó pọ̀, wọ́n wá fún mi ní bírò kí n fi yí i padà, wọ́n ní kí n má kánjú. Ó ń kọrin, àmọ́ tó bá dé ibi tí wọ́n gé, ó ń fo ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta. Bí mo ṣe mọ orin náà nìyẹn, bí mo ṣe ń kọ ọ́ náà nìyẹn. Inú mọ́tò Ọ̀wọ̀ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà láyé mi. Àfi bíi pé ẹnì kan tú sẹ́lótéèpù bàbá mi. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi.

Rédíò wọn kò yí mọ́. Ta ló mọ ẹni tó ṣì ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Àkúrẹ́?

Onígítà Àtijọ́

Bàbá kan wà ní Arákàlẹ̀, màá mú ọ lọ. Rọ́bà inú rẹ̀ ló ti rọ̀, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mú kásẹ́ẹ̀tì náà dání kí a fi dán an wò, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n bá ọ tún ojú sẹ́lótéèpù yẹn ṣe.