Rọ́bà ìtọ̀ bàbá mi àti fídíò inú fóònù

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ta ló ti tọ́jú ẹni tó ń fi kátítà (rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde látinú ara) tọ̀ nílé rí? Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná. Próstéètì bàbá mi, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, wú, ìtọ̀ sé mọ́ wọn nínú, ni wọ́n bá fi rọ́bà sí wọn. Ìwé tí wọ́n kó fún wa nígbà tí a ń padà sílé n'Íléṣà, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Mo kà á, mo rò pé ó yé mi. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo gbé àpò tí ìtọ̀ ń gba inú rọ́bà dà sí sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó má baà fara kan ilẹ̀. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é o! Kí ilẹ̀ tó mọ́, abẹ́ ikùn bàbá ti le bí ìlù.

Nọ́ọ̀sì kan ló kó wa yọ. Ó ní, "Ṣé omi máa ń ṣàn gòkè ni?" Ó so àpò náà mọ́ ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí àbúrò mi fi fóònù ká mi sílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é. Ọwọ́ tèmi ló wà níbẹ̀: mo fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo nu rọ́bà láti ara bọ̀ síta, mo da ìtọ̀ inú àpò nù kó tó kún, ẹnu àpò ò kan ike tí mo ń dà á sí. Ohùn nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé e, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Bàbá ló wá ń wò ó jù mí lọ. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń bá mi wí: "Sọ àpò yẹn sílẹ̀, ó ti ga jù!"

Ará Lágere, Ifẹ̀: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Fídíò dé ọwọ́ tiwa náà, àmọ́ ọkùnrin ni wọ́n fi ṣe é, ìyá mi sì ni aláìsàn. Mo tún padà lọ bèèrè. Wọ́n ní iwájú lọ sẹ́yìn ni kí n máa nu tiwọn, kí ìdọ̀tí ìdí má baà dé ibi rọ́bà. Ẹ ò rí i pé ìyẹn ló yẹ kó wà nínú fídíò!

Ìyá Ìbejì: Lọ́jọ́ kan, ìtọ̀ ọkọ mi ò dà mọ́. Jìnnìjìnnì bò mí. Ẹnìkan nínú fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n fi síríńjì fọ́n omi sí i. Mo kọ̀, mo pe nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n kọ́kọ́ tọ rọ́bà náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí kò bá sí nǹkan kan, kí a máa bọ̀ kíákíá. Mo ṣí aṣọ. Itan olówó orí mi ló jókòó lé e.