Omi ń wọ díìfù típà wa: ṣé ká fún un ní atẹ́gùn láti inú táńkì bíréèkì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà mẹkáníìkì. Típà tó ń kó yanrìn létí odò Ọ̀wẹnà, lọ́nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ni. Omi máa ń bo díìfù ẹ̀yìn (àpótí gíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn) mọ́lẹ̀, òróró gíà inú rẹ̀ sì ń funfun bí ògì.

Ohun tó ń fà á yé wa. Díìfù ti gbóná kó tó wọ odò. Bí omi tútù bá ti kàn án, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á wá fa omi wọlé gba breather (ihò tí díìfù fi ń mí) àti etí síìlì (òrùka rọ́bà tó ń dí òróró mọ́). A ti pààrọ̀ síìlì píníọ́nù (gíà kékeré tó ń gbé agbára wọ díìfù) àti ti họ́ọ̀bù méjèèjì. A fi èékánná wo ojú flange, irin tí síìlì ń jókòó lé, kò gbẹ́ kòtò. A ti fi rọ́bà fa breather gùn dé ẹ̀yìn kábíìnì, a dorí ẹnu rẹ̀ kodò nítorí òjò. Síbẹ̀, bí a bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ láàárọ̀, omi ló ń kọ́kọ́ jáde kí òróró tó tẹ̀lé e. Bíárìn ti ń dípẹtà, ìyẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù.

A fẹ́ so rọ́bà breather mọ́ táńkì atẹ́gùn bíréèkì, kí regulator tó ń dín agbára atẹ́gùn kù wà láàárín. Omi tó jìn tó mítà kan ń tẹ nǹkan ní bíi 1.4 psi (ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára ìtẹ̀), nítorí náà a rò pé 2 psi á tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́: psi mélòó ni síìlì lè gbà kó tó máa jo, ṣé ó sì yẹ ká pa atẹ́gùn náà bí ọkọ̀ bá ti jáde nínú omi?