Larry Doby: kí ló dé tí wọn ò kì í dárúkọ ẹ̀ bíi ti Jackie Robinson?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mò ń kà nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ wọ líìgì ńlá bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, Jackie Robinson ló kún gbogbo ibẹ̀, April 15, 1947, Brooklyn Dodgers. Mo wá rí i pé Larry Doby wọ tíìmù Cleveland ní July 5 ọdún yẹn kan náà, oṣù mẹ́ta ò tíì pé, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní American League (ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjèèjì, ìkejì ni Robinson wà), àmọ́ àwọn tí mo bi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ṣé kò mọ̀ ọ́n gbá tó ni àbí kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ kó jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn 1
Ó mọ̀ ọ́n gbá o! Home run (kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri pápá) 253 ló gbá kó tó ṣíwọ́. Ní 1952, òun ló gbá home run jù ní American League, 32, ó tún gbá 32 míì ní 1954, ọdún tí Cleveland borí nínú ìdíje 111 kí New York Giants tó wá nà wọ́n 4-0 ní World Series, ìdíje àṣekágbá ọdún.

Ohun tó máa ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe mú un wọlé. Robinson lo odidi sáà kan ní Montreal, tíìmù kékeré tó wà lábẹ́ Brooklyn, kó tó dé Brooklyn, ara ẹ̀ ti mọlé. Ti Doby, July 4 ó ṣì ń gbá fún Newark Eagles, tíìmù líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú, ilẹ̀ mọ́ ó ti wà ní Chicago pẹ̀lú aṣọ Cleveland lọ́rùn, ó na ọwọ́ sáwọn ará tíìmù ẹ̀, àwọn kan kọ̀, wọn ò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ta ló máa rí ìyẹn tí ọkàn ẹ̀ máa balẹ̀? Nínú ìgbà 32 tó gbé igi lọ́dún yẹn, 5 péré ló gbá tó bọ́ sí i.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ lẹ sọ ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi kún un. Bèésì kejì (ipò kan nínú àárín pápá) ló ń gbá ní Newark, Cleveland sì ti ní Joe Gordon níbẹ̀, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ẹ̀yìn pápá ní 1948, Tris Speaker tó ti gbá ibẹ̀ fún wọn látijọ́ ló ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ gbáà nìyẹn o, ní bèésì bọ́ọ̀lù ń yí bọ̀ nílẹ̀ wá bá ẹ, ní ẹ̀yìn pápá òkè lojú ẹ máa wà, oòrùn ń wọ̀ ẹ́ lójú, bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń kúrò lórí igi ni wàá ti máa sáré. Ó kọ́ ọ, ó tún gbá .301 lọ́dún yẹn, ìyẹn bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá tó gbé igi sí ló bọ́ sí i! Home run ẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n na Boston Braves 2-1 nínú ìdíje kẹrin World Series, Steve Gromek tó ju bọ́ọ̀lù fún wọn lọ́jọ́ náà dì mọ́ ọn, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tẹ̀ríntẹ̀rín. Omi máa ń lé sí mi lójú tí mo bá rí fọ́tò yẹn.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé wọ́n ti ẹ̀ padà yẹ́ ẹ sí?

Ìdáhùn 1
Ó pẹ́ ni. Robinson wọ Hall of Fame, ilé tí wọ́n ti ń yẹ́ àwọn ògbóǹtarìgì bésíbọ́ọ̀lù sí, ní 1962, ti Doby di 1998, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Èmi ò gbà pé igbá kejì ni, torí Robinson ò gbá fún tíìmù American League kankan, Doby ló kọ́kọ́ dá èébú gbà nínú líìgì yẹn.